Síkì orí òkè, síkì ìrìn tàbí bàtà yìnyín: èwo ló yẹ yín bí ọ̀rẹ́ bá pè yín wá sí Colorado?

Ọ̀rẹ́ mi kan àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní Frisco, ìlú kékeré kan láàárín àwọn òkè Colorado. Bí oṣù Kọkànlá bá ti ń parí lọ báyìí, ìpè wọn á wọlé sọ́dọ̀ àwa tá a wà ní Houston: “Yìnyín ti bo ilẹ̀ o, ìgbà wo lẹ ń bọ̀?” Ìpè náà máa ń dùn mọ́ wa. Ohun tó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ni ohun tá a fẹ́ ṣe bá a bá débẹ̀, torí eré orí yìnyín kì í ṣe ẹyọ kan. Owó wọn ò dọ́gba, agbára tí wọ́n ń gbà lára ò dọ́gba, ohun tí ẹ ó sì bá bọ̀ nílé lálẹ́ ò dọ́gba rárá.

Ìgbà òtútù mẹ́rin ni mo ti lọ, mo sì ti ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Síkì orí òkè ni èyí tí àga orí wáyà máa gbé èèyàn gòkè, tí á wá fi pákó méjì yọ̀ wálẹ̀. Síkì ìrìn ni èyí tí pákó rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tó fúyẹ́, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ò so, tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tì lọ lójú ọ̀nà tí kò ga jù. Bàtà yìnyín ni férémù fífẹ̀ tá a máa ń so mọ́ abẹ́ bàtà wa kí ẹsẹ̀ má baà rì. Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é ni àwọn ọmọ onílẹ̀ ní àríwá Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń tẹ igi, tí wọ́n sì ń fi awọ ẹran hun àárín rẹ̀. Lónìí, irin àti rọ́bà ló pọ̀ jù lára rẹ̀.

Kí la máa fi wọ̀n wọ́n?

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń béèrè ni èyí tí àwọn tó ń polówó síkì kì í mẹ́nu bà: ṣé màá wà pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi? Torí ọ̀rẹ́ la ṣe ń lọ. Ẹni tó ń gbé lórí òkè mọ síkì bí ẹní mọ ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀. Ẹni tó ń ti Houston tàbí Atlanta bọ̀ ò mọ̀ ọ́n. Bí eré kan bá wá pín ẹ̀yin méjèèjì níyà láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àwọn àjèjì lẹ wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ bá.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan èémí àti ìlera, torí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe afẹ́fẹ́ tá a mọ̀. Ó kan owó: kì í ṣe owó tíkẹ́ẹ̀tì nìkan, owó yíyá nǹkan, owó olùkọ́ àti owó aṣọ náà wà níbẹ̀. Ó kan bóyá ohun tẹ́ ẹ ti sanwó fún á ṣì ṣeé ṣe bí ojú ọjọ́ bá yí padà tàbí bí ọ̀nà bá dí. Ó kan ewu. Iye ọjọ́ tẹ́ ẹ ní ló sì máa ń yanjú ọ̀rọ̀ nígbà míì, torí eré kan wà níbẹ̀ tí ọjọ́ méjì ò tó láti mọ̀.

Èémí àti jẹ́nótáìpù, kí ẹ tó yan ohunkóhun

Houston fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òkun dọ́gba. Denver ga tó 1,600 mítà. Frisco ga tó nǹkan bí 2,770 mítà, Breckenridge, ìlú tó wà nítòsí rẹ̀, sì lé ní 2,900. Ẹ fi wé Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Taraba, òkè tó ga jù lọ ní Nàìjíríà: 2,419 mítà ni. Yàrá tẹ́ ẹ máa sùn sí nílé ọ̀rẹ́ yín ga ju ṣóńṣó òkè yẹn lọ. Ọ́síjìn tẹ́ ẹ máa rí nínú èémí kan níbẹ̀ ò ju nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá èyí tá à ń rí létí òkun. Orí fífọ́, inú rírú, àìrí oorun sùn, ohun tó ń bá ọ̀pọ̀ àlejò lálẹ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Bí àyè bá wà, ẹ sun Denver lálẹ́ ọjọ́ kan kẹ́ ẹ tó gòkè. Ẹ mu omi dáadáa, ẹ fi ọtí sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ má sì fi ọjọ́ tẹ́ ẹ dé ṣe iṣẹ́ agbára kankan. Bí orí fífọ́ náà bá ń le sí i, tí ẹni náà ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tàbí tó ń mí hẹlẹhẹlẹ nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́, ẹ máa gbé e lọ síbi tó relẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ní kí ilẹ̀ mọ́ ná.

Ọ̀rọ̀ tó kàn wá gan-an wà lẹ́yìn ìyẹn. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin lára àwa ọmọ Nàìjíríà ló jẹ́ AS. Wọ́n ti ń sọ fún wa láti kékeré pé AS ò ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n níbi tó ga, tí ọ́síjìn dín, tí ara sì ń ṣiṣẹ́ líle, ẹ̀jẹ̀ AS lè dojú rú, kó dí ẹ̀yà ara tí wọ́n ń pè ní spleen, èyí tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì. Kì í sábà ṣẹlẹ̀, àmọ́ ó ń ṣẹlẹ̀. Ryan Clark, tó jẹ́ AS, tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (American football) fún ẹgbẹ́ Pittsburgh Steelers nígbà náà, gbá bọ́ọ̀lù ní Denver ní oṣù Kẹwàá ọdún 2007. Àìsàn tó tẹ̀lé e le débi pé wọ́n yọ spleen rẹ̀ àti òróòro rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ tún lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Denver ní oṣù Kìíní ọdún 2012, wọn ò jẹ́ kó wọ pápá. Denver lásán nìyẹn o, wọn ò tíì gun òkè.

Èmi fúnra mi, AS ni mí, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ ṣáájú ọ̀rọ̀ owó. AS lè lọ, ṣùgbọ́n kó fara balẹ̀: kó mu omi, kó má bá ẹnikẹ́ni sáré, kó sinmi nígbà tí ara bá ní kó sinmi. Bí ìrora bá mú un lápá òsì lókè ikùn, kó má fi oògùn ara ríro bò ó mọ́lẹ̀. Kó lọ sí ilé ìwòsàn, ọ̀kan wà ní Frisco, kó sì là á mọ́ wọn létí pé AS lòun, torí dókítà tó máa rí i lè má ronú kàn án. Ẹni tó bá jẹ́ SS tàbí SC, kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó sanwó ọkọ̀ òfuurufú.

Síkì orí òkè

Òun ló lókìkí jù, òun ló sì ń dùn jù fún ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n. Láti Frisco, àwọn ọgbà síkì bíi Breckenridge, Keystone, Copper Mountain, Arapahoe Basin àti Loveland ò jìnnà. Bí ọ̀nà bá mọ́, kò sí èyí tó gbà ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Ṣóńṣó Arapahoe Basin lé ní 3,900 mítà. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́ kedere, àwọn òkè á tò lọ níwájú yín débi tí ojú á mọ.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tèmi lọ báyìí. Ọ̀rẹ́ mi mú mi dé ẹnu ọ̀nà, ó fà mí lé olùkọ́ lọ́wọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ sí ọ̀nà tí wọ́n fi àmì dáyámọ́ńdì dúdú sí. Òbìrípo aláwọ̀ ewé ni àmì ọ̀nà tó rọrùn jù, onígun mẹ́rin aláwọ̀ búlúù ló tẹ̀lé e, dáyámọ́ńdì dúdú sì ni ti ọ̀nà tó le gan-an. Wákàtí méjì àkọ́kọ́, kíkọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró ni: ẹ fi orí pákó méjèèjì súnra, ẹ ya ìdí wọn, ẹ tẹ orúnkún síwájú. Ilẹ̀ tó ń yí bíi bẹ́líìtì ló ń gbé wa gòkè kékeré náà, àwọn ọmọ ọdún márùn-ún ló yí mi ká. Olùkọ́ náà ní sùúrù. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo yọ̀ láti orí ọ̀nà aláwọ̀ ewé dé ìsàlẹ̀ láìṣubú, inú mi sì dùn bí ìgbà tí mo kọ́kọ́ dá wa mọ́tò. Àmọ́ lọ́jọ́ méjèèjì, ìdí oúnjẹ ọ̀sán nìkan lèmi àti ọ̀rẹ́ mi ti fojú kanra.

Ní ti owó, òun ló wọ́n jù, kò sì sí èyí tó sún mọ́ ọn. Ní àwọn ibi ńlá bíi Breckenridge, tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan tẹ́ ẹ bá rà lójú fèrèsé lọ́jọ́ tí èrò pọ̀ lé ní 200 dọ́là, ẹ ò sì tíì yá bàtà, ẹ ò tíì sanwó olùkọ́. Ọgbọ́n méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, bẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ máa ṣe ju ọjọ́ méjì lọ, ẹ tètè ra páàsì, ìyẹn tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ púpọ̀. Páàsì tí wọ́n ń pè ní Epic ń ṣiṣẹ́ ní Breckenridge àti Keystone, èyí tí wọ́n ń pè ní Ikon ń ṣiṣẹ́ ní Copper àti Arapahoe Basin, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ni wọ́n sì sábà máa ń dáwọ́ títà wọn dúró. Èkejì, bó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni, ẹ má lọ síbi olókìkí. Loveland ní apá kan tó dá yàtọ̀ fún àwọn tó ń kọ́ ọ, Loveland Valley ni wọ́n ń pè é, ẹ sì lè rí olùkọ́, tíkẹ́ẹ̀tì àti pákó rà pọ̀ níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró, ẹ̀bá òkè kékeré kan náà lẹ máa wà látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ má sanwó gbogbo òkè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ bàtà, torí òun ló bà mí lọ́jọ́ jẹ́ lọ́dún kejì. Ṣọ́ọ̀bù kan fún mi ní bàtà síkì tó fi nọ́ńbà kan jù mí lọ, mo sì gbà á torí ó rọ̀ mí lẹ́sẹ̀. Kó tó di aago mọ́kànlá, ojúgun mi ti bó. Bàtà síkì gbọ́dọ̀ fún: ọmọ ìka ẹsẹ̀ á kan iwájú rẹ̀ díẹ̀ bẹ́ ẹ bá dúró ṣánṣán, á sì kúrò níbẹ̀ bẹ́ ẹ bá tẹ orúnkún. Ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ wọ̀, kó jẹ́ ti irun àgùntàn. Bí wọ́n bá sì bi yín ní ìwọ̀n ara yín, gíga yín àti ọjọ́ orí yín, ẹ má dín in, ẹ má fi kún un. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ ni wọ́n máa fi wọn ìdè tó so bàtà mọ́ pákó. Bí ìwọ̀n náà bá le jù, pákó ò ní já kúrò lẹ́sẹ̀ yín nígbà tẹ́ ẹ bá ṣubú, orúnkún ló sì máa jìyà rẹ̀.

Ẹ̀yin obìnrin tó máa ń di irun, ẹ ronú kan àṣíborí kẹ́ ẹ tó lọ. Irun dídì tó tóbi tẹ́ ẹ kó jọ sí àárín orí ò ní jẹ́ kí àṣíborí jókòó dáadáa, àṣíborí tí kò bá sì jókòó ò lè gba ẹnikẹ́ni là. Ìyàwó mi máa ń di tirẹ̀ wẹ́wẹ́ sẹ́yìn ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìrìn àjò, á wá fi síkáàfù sílíkì tẹ́ẹ́rẹ́ wé e.

Àwọn kan máa ń bi mí bóyá ojú ò ní ti àwọn láàárín àwọn òyìnbó. Láti ọdún 1973 ni àwọn ẹgbẹ́ síkì aláwọ̀ dúdú mẹ́tàlá ti pàdé ní Aspen, ní Colorado yìí kan náà, Ben Finley àti Art Clay ló kó wọn jọ. Ibẹ̀ ni National Brotherhood of Skiers ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń ṣe ìpàdé wọn títí dòní. Ojú ọ̀nà ti là tipẹ́.

Ibi tó ti dára jù ni pé wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń ṣe yìnyín, nítorí náà bó bá jẹ́ ìparí oṣù Kọkànlá lẹ lọ, tí yìnyín inú igbó ò tíì tó nǹkan, síkì orí òkè á ti wà. Ibi tí kò ti ṣeé gbára lé ni ọ̀nà. Òpópónà I-70 máa ń dí pa ní àárọ̀ Sátidé fún àwọn tó ń gòkè àti lọ́sàn-án Sunday fún àwọn tó ń padà sí Denver. Afẹ́fẹ́ líle sì lè dá àga orí wáyà dúró lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti sanwó tán.

Síkì ìrìn

Eléyìí ló fi ara jọ eré ìdárayá jù. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ la ojú ọ̀nà méjì tẹ́ẹ́rẹ́ sínú yìnyín, ẹ máa ki pákó bọ̀ ọ́, ẹ máa tì, ẹ máa yọ̀, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì. Frisco Nordic Center wà létí adágún Dillon, ọ̀kan sì wà ní Breckenridge. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan àti owó yíyá pákó lápapọ̀ ò tó ìdajì ohun tí tíkẹ́ẹ̀tì síkì orí òkè ń gbà lọ́jọ́ tí èrò pọ̀. Bàtà rẹ̀ rọ̀, kì í bó ojúgun. Olùkọ́ wákàtí kan tó láti mú yín bẹ̀rẹ̀, ọ̀rẹ́ yín sì lè máa yọ̀ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ní láti dúró dè yín níbi ìdagẹ̀rẹ̀.

Òótọ́ tí ọ̀pọ̀ ò sọ ni pé ó ń gba èémí ju síkì orí òkè lọ. Lórí òkè, àga ló ń gbé yín lọ sókè. Níbí, ẹ̀yin ni àga. Mo ti rí ọkùnrin tó ń sáré kìlómítà mẹ́wàá ní Houston láìmí gule tó dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní Frisco, tó fi ọwọ́ lé orúnkún. Nítorí náà, ẹ má fi í ṣe ohun ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹni tó bá sì jẹ́ AS kó rọra jù gbogbo yín lọ. Ẹ má wọṣọ nípọn jù, torí ẹ máa làágùn, òógùn tó bá sì tutù sára lẹ́yìn ìyẹn ló ń fa òtútù gan-an. Aṣọ òwú ò dáa rárá, kì í tètè gbẹ.

Fún ẹni tó fẹ́ràn kó gbọ́ orúkọ ilé nínú ọ̀rọ̀ yìí, síkì ìrìn ni Samuel Ikpefan fi ṣojú Nàìjíríà ní Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní Beijing lọ́dún 2022.

Bàtà yìnyín

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ ọ́, ọ̀nà Rainbow Lake la gbà, lẹ́yìn ìlú Frisco. Ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi, ó fa okùn rọ́bà yí gìgísẹ̀ mi ká, ó ní, “Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa.” Mo tẹ̀ ẹ́. Eyín irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ wọ inú yìnyín, ó dún bí ìgbà téèyàn ń fọ́ kókóró lẹ́nu. Lẹ́yìn ìgbésẹ̀ bí ogún, mo ti gbàgbé pé nǹkan kan wà lẹ́sẹ̀ mi, àfi pé mo ń ya ẹsẹ̀ díẹ̀ kí férémù kan má baà tẹ èkejì. Igi páìnì wà lọ́tùn-ún lósì, yìnyín tó wà lórí ẹ̀ka wọn ń já bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí oòrùn ṣe ń kàn án. Kò sí ariwo kankan. Ẹnu wa ò sì dákẹ́. Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi bí bàbá rẹ̀ ṣe dùbúlẹ̀ àìsàn ní Òṣogbo tí òun ò lè lọ nítorí ìwé ìgbélùú, ọ̀rọ̀ tí kò bá mi sọ lórí fóònù fún ọdún méjì. A rìn bíi wákàtí méjì. Nínú gbogbo ìrìn àjò mẹ́rin náà, wákàtí méjì yẹn ni mi ò lè fi nǹkan míì rọ́pò.

Ìdí rèé tí mo fi gbé e síwájú fún ẹni tó bá ń lọ kí ọ̀rẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n rìn mọ̀ ọ́n ṣe. Kò sẹ́ni tó máa fi ẹnì kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ olùkọ́. Ìyá àgbà lè ṣe ìwọ̀n tó bá lè ṣe, ọmọdé á máa ṣeré nínú yìnyín lójú ọ̀nà. Owó yíyá rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 20 sí 30 dọ́là lọ́jọ́ kan, igbó ìjọba tó yí Frisco ká sì wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà rẹ̀ kò ní tíkẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ yan èyí tó bá yín mu, ìwọ̀n ara yín pẹ̀lú àpò ẹ̀yìn yín ni wọ́n máa fi wò ó: ẹni tó bá sanra tàbí tó ru ẹrù, férémù gígùn ni tirẹ̀. Ẹ gba ọ̀pá méjì tó ní àwo róbótó nísàlẹ̀. Ẹ wọ bàtà tí omi ò lè wọ̀, tó ga kọjá ọrùn ẹsẹ̀.

Ọ̀nà tí mo tún fẹ́ràn ni Boreas Pass Road, ní Breckenridge. Ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ ni, torí rélùwéè ò sì lè gun ibi tó ga ṣánṣán, ó rọra ń gòkè ni. Ẹ máa rí táńkì omi tí wọ́n ń pè ní Baker's Tank, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń pọn omi nígbà náà. Ẹ ò ní láti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ibi tó bá ti rẹ̀ yín lẹ máa yí padà, kò sẹ́ni tó gba owó yín.

Àbùkù rẹ̀ wà. Ẹni tó bá ń wá eré sísá tó ń mú ọkàn fò, kò ní rí i níbẹ̀. Nígbà tí yìnyín bá sì kéré, tàbí táwọn èèyàn ti tẹ ojú ọ̀nà títí ó fi le, bàtà lásán tó ní eyín irin lábẹ́ ti tó, ẹ má yá nǹkan kan.

Èyí tó lágbára jù nínú àbùkù rẹ̀ ni pé inú igbó lẹ wà. Nínú ọgbà síkì, àwọn òṣìṣẹ́ ti fi bọ́ǹbù wó yìnyín tó lè ya lulẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé. Nínú igbó, ẹnikẹ́ni ò ṣe é fún yín. Kò sí ìpínlẹ̀ tí yìnyín tó ya lulẹ̀ ti pa èèyàn tó Colorado ní Amẹ́ríkà. Ìdí rẹ̀ ni pé yìnyín tó kọ́kọ́ bọ́ ní oṣù Kẹwàá àti Kọkànlá máa ń gbẹ nínú òtútù títí á fi dà bíi ṣúgà, èyí tó tún bọ́ lẹ́yìn náà á wá dùbúlẹ̀ lé e, bí ẹni gbé pákó lé orí gaàrí gbígbẹ. Ibi tí òkè bá ti dagẹ̀rẹ̀ láàárín ìwọ̀n dígírì 30 sí 45 ló ti máa ń ya jù. Nítorí náà, ẹ dúró sí ọ̀nà tó tẹ́jú, láàárín igi, ẹ má sì gba abẹ́ òkè tó ga ṣánṣán kọjá, bí ibi tí ẹ̀yin ń tẹ̀ tilẹ̀ tẹ́jú. Colorado Avalanche Information Center máa ń gbé ìkìlọ̀ jáde lójoojúmọ́, láti 1 dé 5. Ẹ kà á láàárọ̀. Bó bá ti jẹ́ 3 sókè, ojú ọ̀nà etí adágún ni kẹ́ ẹ lọ. Àfonífojì Mayflower Gulch, tí gbogbo èèyàn ń ya fọ́tò rẹ̀, lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkè tó yí òpin rẹ̀ ká kì í ṣe ibi tí àlejò ń dá lọ.

Àwọn tó kù, ní ṣókí

Ní Frisco Adventure Park, ẹ lè jókòó sínú táyà rọ́bà kẹ́ ẹ máa yọ̀ wálẹ̀. Wákàtí kan ni, ó dára púpọ̀ fún ọmọdé, kò sì sí ohun tẹ́ ẹ máa kọ́. Bí ọ̀rẹ́ yín bá ní kẹ́ ẹ lọ sun ilé onígi tó wà jìnnà nínú igbó, irú èyí tí wọ́n fi sọrí ọmọ ogun 10th Mountain Division tó kọ́ síkì ní Camp Hale láti 1942, ẹ sọ fún un pé ó di ìgbà kẹta tẹ́ ẹ bá wá. Ẹrù wà nídìí rẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ jìn, ó sì nílò ẹni tó mọ yìnyín kà.

Ohun tí gbogbo wọn jọ ń béèrè

Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ ju ti ọyẹ́ lọ. Ẹ mú òrí dání fún ètè, ìka ọwọ́ àti gìgísẹ̀. Oòrùn orí òkè ń jó awọ dúdú náà, yìnyín sì ń dá a padà sójú, nítorí náà ẹ fi ìpara adáàbòbò pa ojú, ẹ sì wọ awò dúdú. Bẹ́ ẹ bá yá mọ́tò ní pápákọ̀ òfuurufú Denver, òfin kan wà lórí I-70 láti Morrison dé Dotsero, láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án títí di ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún: mọ́tò gbọ́dọ̀ ní táyà tó bá yìnyín mu, tàbí kó gbé ṣéènì dání. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́. Bẹ́ ò bá fẹ́ wakọ̀, bọ́ọ̀sì Bustang ń ti Union Station ní Denver lọ sí Frisco, Summit Stage tó ń gbé èèyàn káàkiri àwọn ìlú òkè náà ò sì gba kọ́bọ̀.

Ta ló yẹ kó yan èwo?

Bó bá jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ ní, ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, bàtà yìnyín ni, ẹ má wulẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Síkì orí òkè á jẹ gbogbo ọjọ́ náà, ẹ máa padà sílé nígbà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ bí wọ́n ṣe ń dúró.

Ẹni tó ní ọjọ́ márùn-ún, tí owó rẹ̀ gbà á, tó sì mọ̀ pé òun á máa padà wá lọ́dọọdún, kó kọ́ síkì orí òkè. Kó fi ọjọ́ kìíní sinmi, kó fi ọjọ́ kejì wọ bàtà yìnyín kí ẹ̀dọ̀fóró fi mọ ibẹ̀, kó wá gba olùkọ́ ní ọjọ́ kẹta àti ìkẹrin, ní àárín ọ̀sẹ̀, nígbà tí èrò ò pọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti ń fi bàtà onítáyà kéékèèké yọ̀ kiri ní ilé ìwé máa ń tètè mọ̀ ọ́n ju àwa lọ.

Síkì ìrìn ni mo máa ń sọ fún àwọn tó ń sáré tàbí tó ń gun kẹ̀kẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò ní wàhálà, tí wọn ò fẹ́ ná owó orí òkè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí orúnkún rẹ̀ ti fara pa rí, torí ìṣubú síkì ìrìn kì í fi bẹ́ẹ̀ le, àmọ́ kó bá dókítà rẹ̀ sọ ọ́ ná.

AS tó ń gòkè fún ìgbà àkọ́kọ́: bàtà yìnyín lójú ọ̀nà títẹ́jú, wákàtí kan, kó mọ bí ara ṣe gbà á. Ìdílé tó kó ọmọ kéékèèké dání: bàtà yìnyín láàárọ̀, táyà rọ́bà lọ́sàn-án.

Ní ti ìyá tó ti ìlú wá bá wa wẹ ọmọ, tá a sì fẹ́ mú dání lọ kí àwọn ọ̀rẹ́, ẹ jẹ́ kí dókítà wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ná. Bó bá ní kò séwu, ẹ wọ̀ ọ́ láṣọ dáadáa, ẹ wọ bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ lọ sétí adágún Dillon, ẹ so bàtà yìnyín mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìyá tèmi ṣe é lọ́dún tó kọjá. Ó di ọwọ́ èmi àti ọ̀rẹ́ mi mú, ó ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń bi ọ̀rẹ́ mi léèrè àwọn ará ilé rẹ̀ ní Òṣogbo lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ lórúkọ, títí a fi padà dé ìdí bọ́ọ̀sì.